Fọ́ọ̀mù yín kò gba gbogbo ọmọ: Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ PTA ilé-ẹ̀kọ́ girama wa

Alága PTA, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, àti ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa,

Mo kí yín o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú àmójútó. Ẹ̀gbọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ́ fún mi, àwọn kan nínú yín sì kọ́ mi níwèé nínú ọgbà yẹn náà, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jẹ́ kí n dìde báyìí, torí ọ̀rọ̀ tó kù, ìdúró la fi ń sọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ ọ́ ní ìpàdé tó kọjá. Wọ́n ní aago ti lọ, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta, kí gbogbo òbí ní Gúúsù Kwara tí irú fọ́ọ̀mù yìí bá wà nílé wọn lè bá wa dá sí i.

Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ohun mẹ́ta ni ìpàdé náà fọwọ́ sí. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù tuntun jáde tó ní àpótí méjì péré fún ẹ̀sìn, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ẹ sì ní ọmọ tí kò bá máàkì ọ̀kan kò ní gba nọ́ńbà ìdánwò. Ẹ ní kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ wà níta lásìkò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ẹni tí kò bá ní kíláàsì, ọ̀gá àgbà ni yóò yan èyí tí yóò wọ̀ fún un. Ẹ sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gba àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Físíìsì padà, nítorí ó sọ ní kíláàsì pé òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan.

Alága ní nítorí àlàáfíà ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ àlàáfíà náà wò.

1. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kan wà ní JS2, kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ mi wà. Ilé Ifá ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń dífá, òun náà sì ti ń ki ẹsẹ Ifá láti kékeré. Nígbà tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù, ó rí i pé kò sí àyè fún òun, ló bá fi báírò ya àpótí kékeré kẹta sábẹ́ méjì tí ẹ tẹ̀, ó kọ "Ìṣẹ̀ṣe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì máàkì í. Tíṣà kíláàsì gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú Tipp-Ex, ó fi pa àpótí náà rẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tètè gbẹ, ó wá ní: "Mú ọ̀kan níbẹ̀, èyíkéyìí tó bá wù ẹ́, ká lè máa bá iṣẹ́ lọ." Ọmọ náà wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, ó sì máàkì ohun tí ìyẹn máàkì. Ọmọ tèmi ni ẹni tó jókòó tì í. Bí ọmọ babaláwo ṣe di Mùsùlùmí nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, torí ó gbọ́ pé èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Tipp-Ex náà nípọn, ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n lára bébà. Tí ẹ bá gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá náà kò pariwo. Ó kàn bi mí pé: "Ìyá Rọ̀kíbátù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀sìn yín ni?"

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ fún ẹ̀yin ààfáà tó wà nínú ìgbìmọ̀. Níbo ni ṣàhádà wà nínú èyí? Níbo ni àníyàn wà? Ẹ̀yin pásítọ̀ náà, ká ní àpótí kejì ló máàkì, ṣé ẹ ó kà á mọ́ àwọn tó di àtúnbí? Kò sí ẹlẹ́sìn kankan tó jèrè nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yẹn. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé tí òótọ́ bá ń dí àwọn àgbà lọ́wọ́, kí ó yáa purọ́, kí iṣẹ́ lè máa lọ.

2. Ìpinnu kejì yín lòdì sí òfin, kò sì fara pamọ́ rárá. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sí abala 38. Apá àkọ́kọ́ ní olúkúlùkù ló ní òmìnira láti ronú, láti tẹ̀lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, láti ṣe ẹ̀sìn, àti láti yí ẹ̀sìn tàbí ohun tó gbà gbọ́ padà. Apá kejì ló bá ilé-ẹ̀kọ́ wí gan-an: ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi dandan mú un gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kó bá wọn ṣe ìsìn, tí ẹ̀sìn náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì ni tiwa.

Ẹnì kan sọ ní ìpàdé pé òfin ò mọ ìlú wa. Kò burú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí kọ́ọ̀tù tí wọ́n bá kan ilẹ̀ rẹ̀.

3. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ó yẹ kí àwa ará Kwara ti gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Ọmọ mi ń fi híjáàbù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo mọ ohun tó ná àwọn kan kó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin, àwọn èyí tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀ tí ìjọba sì ń sanwó tíṣà wọn, nítorí ìjà híjáàbù. Nígbà tí wọ́n ṣí wọn padà ní oṣù kẹta, àgbàlagbà ń sọ òkò síra wọn níwájú ọmọ tó gbé báàgì kọ́rùn. Oṣù kejì ọdún 2022, ó dé Ìjàgbó, kò jìnnà sí wa níbí. Ẹnì kan kú níbẹ̀, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́. Nítorí ìbòrí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́! Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn náà ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ti Èkó, pé ọmọ Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Abala wo ni àwa Mùsùlùmí gbé lọ síwájú adájọ́? Abala 38 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún yín yìí ni. A ní ẹ̀rí ọkàn ọmọ wa ni, kí ẹnikẹ́ni má fipá bọ́ ọ lórí rẹ̀. Àwọn Kristẹni tó dúró lẹ́nu géètì nígbà náà, mi ò gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Bàbá wọn ló ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ẹlòmíì má wá fi agbára pàṣẹ fún wọn nínú ohun tí wọ́n kà sí mímọ́. Ìhà méjèèjì ló mọ bó ṣe máa ń rí lára kí wọ́n fi ẹ̀sìn ẹni gún ẹni lára.

Àwa náà la wá jókòó ní ìpàdé yẹn, tí a jọ nawọ́ sókè. Láti ọjọ́ Ìjàgbó, mi ò tíì rí ohun kan tí ààfáà àti pásítọ̀ ìlú wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí láìsí awuyewuye. Ìgbà tí wọn yóò wá fohùn ṣọ̀kan, orí ọmọ ẹlòmíì ni.

4. Alága, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ má bínú sí èyí. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ sí: pé Ọlọ́run kan náà la jọ ń sìn, ọ̀nà ló yàtọ̀, kí wá la fẹ́ fi àpótí kẹta ṣe? Ó dùn létí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì ń pa wá lára jù, torí ó fún wa láyè láti má mọ nǹkan kan nípa ara wa.

Ẹ jẹ́ ká mú èmi àti àna mi. Díákónì ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Èmi gbà pé Ànábì Ọlọ́run ni Ísá, mi ò gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni, mi ò sì gbà pé wọ́n kàn án mọ́ igi. Súrátù Nísáì, ẹsẹ 157, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní ti àna mi, bí Jésù kò bá kú lórí igi, kó sì jí dìde, kò sí ìdí kankan fún un láti jí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Èyí kì í ṣe ọ̀nà méjì tó lọ sí ọjà kan náà. Bí òun bá tọ̀nà, èmi ò tọ̀nà nìyẹn. Síbẹ̀, òun ló fọwọ́ sí ìwé fún mi nígbà tí mo yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èmi ni mo dáná ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ohun kan náà la gbà gbọ́, àwa méjèèjì la ó jọ kọjú ìjà sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé mo mọ ohun tó gbà, mo sì mọ bó ṣe jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó.

Ìmọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ wa kò rí gbà. Mo ṣí ìwé ọmọ mi wò. Ohun tí tíṣà kan ní kí wọ́n kọ nípa ẹ̀sìn ayé yòókù kò ju ìlà mélòó kan lọ: àwọn ará Índíà ń bọ màlúù, àwọn ará Ṣáínà ń bọ ère, àwọn Júù ló pa Jésù, àwọn abọ̀rìṣà kò mọ Ọlọ́run. Ìyẹn náà ni ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ JS2 ní ìlú tí wọ́n ti ń ka ìwé láti ayé bàbá bàbá wa.

Tí ẹ bá bi ẹlẹ́sìn Híńdù, yóò sọ fún yín pé òun kì í pa màlúù nítorí ọ̀wọ̀, pé ìyá tó ń fún ènìyàn ní wàrà ló jẹ́ lójú òun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn gbogbo òrìṣà tí orúkọ wọn pọ̀ lọ jàra. Àwọn mìíràn nínú wọn kò sọ ọ́ báyẹn. Wọ́n lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn, àbí ṣé ẹ rò pé gbogbo wọn ni yóò máa sọ ohùn kan?

Ẹlẹ́sìn Búdà tó ń tẹríba níwájú ère, olùkọ́ rẹ̀ ló ń yẹ́ sí. Ọmọ ọba ni Búdà, Siddhartha Gautama lorúkọ tí wọ́n fi ń pè é, ìhà Índíà àti Nepal ló gbé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àtààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè tó lé e kúrò láàfin ni pé kí ló dé tí ìyà fi ń jẹ ènìyàn, báwo sì ni yóò ṣe dópin. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dúró lórí Ẹlẹ́dàá kankan. Èyí máa ń rú àwa lójú, torí lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti mẹ́nu ba ẹ̀sìn, Ọlọ́run la ti mẹ́nu bà. Ẹ wá wo "Ọlọ́run kan náà la jọ ń sìn": níbo lẹ fẹ́ kó ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí?

Àwọn Sikh náà wà. Agbègbè Púńjábù ni ẹ̀sìn wọn ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Guru Nanak tí wọ́n bí ní 1469. Àwọn tó gba ìlànà wọn tán kì í gé irun orí, wọ́n ń wé láwàní. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn (ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, alásè ni mí) ni pé ilé ìsìn wọn ní ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù, olówó àti tálákà, wọn yóò sì bu oúnjẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àga ọlọ́lá. Mo ronú lọ sí ibi àsè tiwa, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹran pọ́n ẹni tó dé pẹ̀lú mọ́tò lé.

Àwọn Júù kò tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún káàkiri ayé, ìran wọn sì ni Músá àti Dáúdà tí àwa méjèèjì ń fi orúkọ wọn sọ ọmọ. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ JS2 kọ ọ́ pé apànìyàn ni wọ́n, gbogbo wọn, títí kan èyí tí wọ́n bí lánàá.

Ní ti ẹ̀sìn tó sún mọ́ wa jù, odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ inú odù kọ̀ọ̀kan kò sì ṣeé kà tán. Ọmọ awo máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó lè dá nìkan dífá. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun ìní ńlá gbogbo ayé. Olódùmarè wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, orí wà níbẹ̀, ìwà wà níbẹ̀. Èmi ò dífá, mi ò sì ní dífá. Ẹ̀sìn mi kò gbà mí láyè. Ṣùgbọ́n kí tíṣà kan kọ ọ́ sí pátákó pé àwọn tó ń ṣe é kò mọ Ọlọ́run, nígbà tí ọmọ wọn jókòó níwájú rẹ̀, àìmọ̀kan ni, ìwọ̀sí sì ni. Kùráánì tí mo ń kà ní kí n má bú ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ké pè, nínú Súrátù Anáámù, ẹsẹ 108. Kò ní kí n gbà á. Ó ní kí n má bú u.

5. Ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀. Mo bi àwọn ọmọ SS2 léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ìtàn tí a gbọ́ ní ìpàdé ti ní ìyẹ́ àti ìrù. Wọ́n ń ṣe ìṣirò òfin Ohm, ti iná mànàmáná, lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ní: "Sà, ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ?" Ó ní òun kì í lọ. "Mọ́ṣáláṣí ńkọ́, Sà?" Ó ní òun kì í lọ síbẹ̀ náà, òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ìṣirò. Ó parí ìṣirò náà. Ìyẹn ni gbogbo "ìwàásù àìgbàgbọ́" tí ẹ kọ sínú lẹ́tà. Ká ní ó purọ́ pé òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìbàdàn ni, ì bá ṣì máa kọ́ wọn lónìí.

Ìyá kan dìde ní ìpàdé, ó ní ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni kò ní ṣe? Mo lóye ìbẹ̀rù rẹ̀. Èmi náà, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó jí jẹnẹrétọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ mú wọn, a sì mọ ibi tí olúkúlùkù wọn ti ń kírun àti ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Mi ò gbọ́ pé àgùnbánirọ̀ kankan wà níbẹ̀.

Àwọn tí kò so ara wọn mọ́ ẹ̀sìn kankan kò kéré láyé. Àjọ Pew Research Center ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò tó dúró lórí ọdún 2020: Kristẹni bílíọ̀nù 2.3, Mùsùlùmí bílíọ̀nù 2.0, àwọn tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan bílíọ̀nù 1.9. Àwọn ló ṣe ìkẹta. Wọn kì í sì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Ẹlòmíì nínú wọn ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ ṣùgbọ́n kò gba olórí ìjọ kankan gbọ́. Ẹlòmíì ní òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, òun kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ẹlòmíì ní ó dá òun lójú pé kò sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni gbogbo wa máa ń rò tí a bá gbọ́ "aláìgbàgbọ́", a sì máa ń rò pé ọ̀tá wa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà níbẹ̀ rántí Tai Solarin. Kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi bò. Òun ló dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, láìsí ilé ìsìn nínú ọgbà. Ẹ lọ ka iye àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni tí òbí wọn fi ọwọ́ ara wọn mú lọ sibẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò rí ẹ̀kọ́ gidi àti iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Ọkùnrin yẹn bá ìjọba jà lórí ẹ̀tọ́ tálákà títí wọ́n fi tì í mọ́lé.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ti Mubarak Bala, ọmọ Kánò tó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n mú un nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022, kọ́ọ̀tù ní Kánò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlélógún. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bù ú kù sí ọdún márùn-ún ní 2024, ó sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ohun tó kọ nípa Ànábì dun ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, ó dun èmi náà. Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú, mo lè dá a lóhùn, mo lè kọ etí ikún sí i. Ọdún mẹ́rìnlélógún kò sí nínú ìdáhùn tí mo mọ̀. Àgùnbánirọ̀ tiwa yìí kò tilẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi í, ó dáhùn.

Nígbà tí mo ń kọ èyí, àwọn SS2 kò ní tíṣà Físíìsì. WAEC kò ní béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹni tó kọ́ wọn ní Ohm ń kírun.

6. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ìlọrin la ó ṣe. Ẹ rántí ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí ìyá kan má ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe tó fẹ́ ṣe ní Ìlọrin, tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, tí Wọlé Ṣóyínká fi kọ lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹ́míà. Mi ò rò pé ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin yẹn dára. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ti Ìlọrin sílẹ̀ fún àwọn ará Ìlọrin. Oríkì wọn ní wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Àwa ńkọ́? Ìgbómìnà ni wá. Eégún ń jáde nílùú wa, Alága náà sì máa ń fún wọn lówó ní àbáwọlé ilé rẹ̀. Mo ti rí yín.

Lọ́dọọdún lẹ sì ń gba owó lọ́wọ́ wa pé ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ wo ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ère tó wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí fún wọn ní 1945 ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ń ya fọ́tò níwájú wọn, ẹ ń gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àwọn òkú baba ńlá tó bọ̀wọ̀ fún ère yẹn, ẹ gbà pé ohun ìyangàn ni wọ́n. Ọmọ alààyè tó jókòó ní kíláàsì tó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rí, ẹ bu Tipp-Ex lé e lórí.

7. Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀, kò sì ná ilé-ẹ̀kọ́ lówó rẹpẹtẹ.

Kí ẹ yọ àpótí méjèèjì kúrò lórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ìlà òfìfo kan síbẹ̀ tí òbí yóò kọ ohun tó bá fẹ́ sí, tàbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí nọ́ńbà ìdánwò má ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ẹ fún un ní tuntun, kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, kí tíṣà náà sì bẹ̀ ẹ́ níwájú bàbá rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n ṣe é níwájú gbogbo asẹ́ńbílì. Mi ò fẹ́ kí ojú ti tíṣà náà, ó ní ìwà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ kó wọ kíláàsì ẹ̀sìn méjèèjì, kó lọ sí ilé ìkàwé. Mo mọ̀ pé ilé ìkàwé ti wà ní títì láti sáà tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá àgbà, ẹ ní kó ṣí i. Ìyẹn yóò ṣe gbogbo ọmọ lóore.

Lórí asẹ́ńbílì, ẹ máa bá a lọ bí ẹ ṣe ń pín àdúrà, ọ̀sẹ̀ kan Mùsùlùmí, ọ̀sẹ̀ kan Kristẹni. Àṣà ilé-ẹ̀kọ́ wa ni, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má na ọmọ tí kò bá wọn ṣe àmín. Kí tíṣà kankan má sì pe ọmọ ní kèfèrí tàbí kó sọ fún un pé iná ni bàbá rẹ̀ ń lọ.

Ẹ pe àwọn ẹlẹ́sìn wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní sáà: ààfáà kan, pásítọ̀ kan, babaláwo kan, kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun gbà àti ìdí rẹ̀, láìdárúkọ tẹnì kejì. Ẹlẹ́sìn Híńdù lè ṣòro rí nílùú wa, àmọ́ wọ́n wà ní Ìlọrin, wọ́n ń ṣòwò. Kí àwọn ọmọ bi wọ́n ní ìbéèrè. Kí ẹ sì fún àgùnbánirọ̀ náà láyè kan nínú rẹ̀, tó bá gbà.

Kí ẹ kọ lẹ́tà míì pé ẹ ti yí ọkàn padà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ ibòmíràn, kí ẹ sọ fún wa nígbà tí SS2 yóò rí tíṣà míì.

Mo rọ̀ yín kí ẹ pe ìpàdé kí sáà tuntun tó wọlé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọ́kọ́ lórí ètò, ṣáájú ọ̀rọ̀ owó àti ti ògiri ọgbà. Bí ẹ kò bá pè é, èmi àti bàbá ọmọ náà yóò gbé fọ́ọ̀mù yẹn lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin, ibẹ̀ la ó sì ti gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àna mi díákónì ti ní òun yóò wa mọ́tò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Rọ̀kíbátù, òbí akẹ́kọ̀ọ́ JS2
(owó PTA mi ti pé, rìsíìtì wà níbí)